Ẹni Tí A Jọ Wà Nínú Ìdè Kan

Àwòrán kan wọ́pọ̀ lórí fóònù àwọn ọmọ wa ní àkókò yìí. Ọmọ Yorùbá kan ni ó wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ìwé, ó ń já bọ̀ láti ojú òfurufú ní Dubai tàbí ní Gúúsù Áfíríkà, ọkùnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó gbá a mọ́ àyà. Bí àwọn àgbà bá rí i, ìbéèrè wọn kì í ju ọ̀kan lọ: kí ni ó lé e? A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé wa. Àwa kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín tán kí a sì gbàgbé, nítorí a ti wádìí ọ̀ràn náà dáadáa, a sì rí i pé ó kan gbogbo ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ ní Jíbówú, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ ní í gun bàálù láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí nǹkan náà ti rí. Ẹni tí ó ń fò fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ru páráṣúùtì kankan. Ìgbànú líle ni wọn yóò fi dì í ní èjìká, ní ìbàdí àti ní itan, wọn yóò sì fi ìkọ́ irin mẹ́rin so ó mọ́ àyà olùkọ́ tí yóò gbé e fò, méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí. Olùkọ́ yìí ni ó ru aṣọ ńlá tí ń ṣí bí agboòrùn lókè orí. Kì í ṣe ẹyọ kan ni ó rù. Méjì ni, èkejì wà fún ọjọ́ tí àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí kò ṣí. Ọkọ̀ òfurufú kékeré ni yóò gbé wọn gòkè títí wọn yóò fi dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10,000 sí 14,000, wọn yóò sì ṣí ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ tí àlejò ní láti ṣe kò pọ̀: kí ó di ìgbànú rẹ̀ mú, kí ó gbé orí sókè, kí ó tẹ ẹ̀yìn bí ọrun ọdẹ, kí ó má sì ṣe di ara mọ́ ẹnu ọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ti ṣe é ni ó ń jẹ́rìí pé inú kì í já bí wọ́n ti rò, ariwo afẹ́fẹ́ ni ó ń bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa yóò rí ẹ̀kọ́ fún kíláàsì yín níbẹ̀. Ohun tí ó ń já bọ̀ kì í sá eré sí i títí láé. Afẹ́fẹ́ ń ta kò ó, nígbà tí agbára méjèèjì bá sì dọ́gba, eré náà yóò dúró sí ojú kan. Fún ènìyàn kan tí ó na ara gbalaja, nǹkan bí máìlì 120 ní wákàtí kan ni. Ẹni méjì tí a so pọ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ìbá sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni olùkọ́ ṣe ń ju aṣọ kékeré kan sẹ́yìn kíákíá tí wọ́n bá ti jáde, kí ó lè máa fà wọ́n dúró. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ tí wọn yóò fi dé ẹsẹ̀ bàtà bí 5,000, tí aṣọ ńlá yóò sì ṣí. Lẹ́yìn èyí, gbogbo rẹ̀ a parọ́rọ́. Wọn yóò rọra máa yí ká fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn yóò gbé ẹsẹ̀ sókè, wọn yóò sì fi ìdí jókòó sórí koríko.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ bẹ́ẹ̀, eré ọmọdé ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré náà ti gbilẹ̀, òfin ìjọba ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so èrò mọ́ àyà rẹ̀ àfi bí ó bá ti wà nínú iṣẹ́ fífò fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti fò ní ìgbà 500 ó kéré tán, tí ó sì gba ẹ̀kọ́ gbígbé ẹlòmíràn lọ́tọ̀. Páráṣúùtì kejì, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó gbọ́dọ̀ dì í, bí ọjọ́ 180 bá sì ti kọjá láìlò ó, wọ́n ní láti tú u kí wọ́n sì tún un dì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ó ń mọ bí ilẹ̀ ti súnmọ́ tó. Bí olùkọ́ bá dákú lójú òfurufú, ẹ̀rọ náà ni yóò ṣí i. Òfin náà tún pàṣẹ pé, kí èrò tó wọ ọkọ̀, kí olùkọ́ ṣàlàyé fún un ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jáde. Ẹgbẹ́ àwọn afò ilẹ̀ náà ṣírò pé nínú nǹkan bí ìfò 500,000 irú èyí, akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó ń kú.

Wọn kò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan. Láti ọdún 1797 tí Garnerin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi páráṣúùtì sọ̀ kalẹ̀ láti inú bàlúùnù ní Parisi, ènìyàn ti ń fò, púpọ̀ sì ti kú. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, òun nìkan ni yóò jáde láti ọjọ́ kìíní, okùn tí a so mọ́ ọkọ̀ ni yóò fa aṣọ rẹ̀ ṣí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí òkè ni Ted Strong àti Bill Booth ṣe irú èyí tí ó lè gbé ènìyàn méjì. Ní ọdún 1984 ìjọba Amẹ́ríkà gbà wọ́n láàyè láti máa dán an wò. Ọdún 2001 ni ó tó wọ inú òfin pátápátá. Ọdún mẹ́tàdínlógún gbáko! Àwa tí a máa ń fẹ́ kí ohun gbogbo parí kí ìdìbò tó dé, ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé nǹkan òyìnbó ni, tí kò kan ẹ̀jẹ̀ tiwa. Johnny Smythe, ọmọ Freetown, níbi tí àwọn Sàró bàbá wa ti wá, wà nínú ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Hitler. Ní oṣù November 1943 wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀run Jámánì. Pẹ̀lú ọgbẹ́ lára ni ó fò jáde, àwọn ọ̀tá mú un, ẹ̀wọ̀n ni ó sì wà títí di ọdún 1945. Ó padà wá di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sàró. Ní ọdún 1944, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni George Bush, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, fò jáde nínú ọkọ̀ tí ń jó, àwọn méjì tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì kú. Nígbà tí ó pé ẹni 90 ọdún ní oṣù June 2014, tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn mọ́, ó tún fò, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí wọ́n so ó mọ́ àyà ẹlòmíràn. Nítòsí wa níhìn-ín, láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń ṣe ọdún Àjíǹde lórí òkè Kwahu ní Gánà, níbi tí atọ́nà àti àlejò ti jọ ń fi aṣọ fò láti orí òkè. Ìyẹn kì í ṣe fífò láti inú bàálù, ṣùgbọ́n ìdè tí ó so wọ́n pọ̀ kò yàtọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí Jíbówú. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tí ń kó èrò lọ sí Onitsha, Owerri àti Aba. Èrò yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ti ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Oníwàásù yóò wọlé, yóò gbàdúrà, gbogbo ọkọ̀ yóò ṣe àmín. Àwa kò kẹ́gàn àdúrà. Àwa náà ti ṣe àmín nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì gbé e kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ta ni ó dìde láti sọ fún èrò pé wákàtí mélòó ni awakọ̀ ti sùn? Ta ni ó sọ ọjọ́ orí táyà? Ta ni ó fi ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáde hàn wọ́n bí ọkọ̀ bá ṣubú ní ọ̀nà Òrè lóru? Ẹni tí ó ń fò láti inú bàálù mọ èyí tí ó pọ̀ nípa ikú rẹ̀ ju ẹni tí ó ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Aba lọ.

Ẹnì kan lè dá wa lóhùn pé awakọ̀ náà wà nínú ọkọ̀, ohun tí ó bá pa èrò ni yóò pa òun. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti le. Bí ó bá jẹ́ pé wíwà nínú ìdè kan náà tó láti mú ènìyàn ṣọ́ra, a kì bá tí máa sin òkú awakọ̀ pẹ̀lú òkú èrò. Olùkọ́ tí ó ń fò kò ṣọ́ra nítorí ìfẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ nìkan. Wọ́n ti ka ìfò rẹ̀, wọ́n ti ka ọjọ́ páráṣúùtì rẹ̀, àkọsílẹ̀ sì wà. Awakọ̀ tiwa, ẹni tí ó ní ọkọ̀ ń dúró dè é pé kí ó padà ní ọ̀la. Olówó yìí kò sí nínú ìdè. Ilé ni ó wà, ó ń ka iye ìrìn-àjò. Òun ni ó yẹ kí òfin so mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ wọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ pé bí táyà bá fọ́ nítorí ogbó, òun ni yóò kọ́kọ́ dáhùn ní ilé ẹjọ́.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ní ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì wà ní iwájú iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1988 ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀, òun náà ni ó kọ́kọ́ jẹ́ alága. Wọ́n ní kí ọkọ̀ akérò ní ẹ̀rọ tí ń fi ìwọ̀n sí eré, kí awakọ̀ sì sinmi lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni kí a kọ èyí sí ojútáyé níwájú ibi tí a ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì: orúkọ awakọ̀, ìgbà tí ó sinmi gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí a yẹ bíréèkì wò. A pè yín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹ gbé èyí tọ àwọn tí ẹ dìbò fún lọ. Nígbà tí owó ọkọ̀ fò sókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù May 2023, wọ́n ní kí a mú sùúrù. A mú un. Ẹ bi wọ́n léèrè, nínú ọkọ̀ wo ni àwọn fúnra wọn ti ń mú tiwọn?

Ọjọ́ orí táyà kò ṣòro láti mọ̀ kí ìjọba tó jí. Nọ́ḿbà mẹ́rin wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú ihò kékeré gígùn kan, ní ìparí ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ó ti kọjá ọdún mẹ́rin, kí a bi akọ̀wé léèrè ohun tí ó ń ṣe lábẹ́ wa. Bí ó bá bínú, kí ẹni tí ó tẹ̀lé wa lórí ìlà tún un béèrè.