"Dá Páropáro" Nínú Àròkọ Akẹ́kọ̀ọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo "páropáro" nínú àròkọ aṣàpèjúwe, àwọn kan nínú wa a fagi lé e, wọn a kọ "dákẹ́ rọ́rọ́" rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn a gbà á wọlé níbi gbogbo. Ìdájọ́ méjèèjì kò tọ́ lójú tiwa, máàkì ọmọ ọlọ́mọ sì wà níbẹ̀.

Àwọn abà tí ó yí Ìbàdàn ká, ní Lágelú, Akínyẹlé tàbí apá Àkànrán, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìgboro Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní ilé; oko ni abà. Bí Iléyá bá dé, tàbí tí àgbà kan bá kú ní agbo-ilé, wọn a gba ilé lọ. Ẹni tí ó bá gba abà kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò ní rí èéfín, kò ní gbọ́ ìró odó. Ewúrẹ́ ń ké, ẹyẹ ń dún nínú oko kòkó, síbẹ̀ abà dá páropáro. Kì í ṣe àìsí ìró ni ọ̀rọ̀ yìí ń sọ, bí kò ṣe àìsí ènìyàn níbi tí ó yẹ kí ènìyàn wà. "Pa lọ́lọ́" ni ti ìró: kíláàsì lè pa lọ́lọ́ bí olùkọ́ bá wọlé, ṣùgbọ́n kò lè dá páropáro pẹ̀lú ogójì ọmọ nínú rẹ̀. Igbó tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí ńkọ́? "Dákẹ́ rọ́rọ́" ni etí wa gbà fún un.

Ìbànújẹ́ inú rẹ̀ wá dà? Ọjà abúlé tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún a máa dá páropáro bí kì í bá ṣe ọjọ́ ọjà, inú ẹnikẹ́ni kì í sì í bàjẹ́, nítorí a ti ka ọjọ́ tí èrò yóò padà. Ṣùgbọ́n ní abà tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìgboro, tí ó ku bàbá arúgbó kan ṣoṣo, kò sí ọjọ́ tí a ó kà. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wọni lára.

Àwọn ará Ṣáínà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ewì àtijọ́ wọn, xiaose. Ìró afẹ́fẹ́ lára igi ni ó kọ́kọ́ ń sọ, kí ó tó di ọ̀rọ̀ fún ibi tí ó dá, tí ó sì ń mú ìrònú báni. Afẹ́fẹ́ ni tiwọn fi bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ni tiwa.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "abà náà dá páropáro" láìjẹ́ kí a mọ ẹni tí ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a kọ ìbéèrè sí etí ìwé rẹ̀: "Ta ni ó lọ?" Bí ó bá ti sọ fún wa pé ìkòkò ìyá òun ṣì wà ní dídojúdé lẹ́bàá ààrò, kí a fún un ní máàkì rẹ̀.