Bí Àkójọ Ọ̀rọ̀ Yorùbá Ṣe Lè Gba Àyè Kékeré Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni ó ń wá iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè kan kì í wọ́n níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn: bí a bá fún yín ní àkójọ ọ̀rọ̀, báwo ni ẹ ó ṣe tò ó tí kò fi ní gba mẹ́mórì púpọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Yorùbá ni a ó fi dáhùn níhìn-ín, a ó sì mú Sanson gẹ́gẹ́ bí ibi tí ètò náà yóò ti ṣiṣẹ́.

Sanson wà lábẹ́ Tchaourou, ní ẹkùn Borgou, Orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá àti Baatonu ni wọ́n jọ ń gbé agbègbè Tchaourou, Faransé sì ni èdè ìjọba. Àkọtọ́ tí Benin ṣe ní 1975, tí wọ́n tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà: ɛ ni wọ́n ń kọ dípò ẹ, ɔ dípò ọ, sh dípò ṣ, kp dípò p. Ẹni tí ó bá ṣe ètò ìyẹ̀wò àkọtọ́ fún ará Ìbàdàn nìkan, ìlà pupa ni yóò máa fà sábẹ́ ohun tí ọmọ Sanson kọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Bí ó bá sì kó àkójọ méjì sínú fóònù olówó pọ́ọ́kú, àyè lè má gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a ka báìtì. Lábẹ́ UTF-8, ọkọ̀ gba báìtì 9: ọ gba 3, k gba 1, ọ̀ gba 5, nítorí pé àmì ohùn orí rẹ̀ ń dá àyè tirẹ̀ gbà. Bíìtì 72 nìyẹn. Bí a bá kọ ọ́ ní ɔkɔ̀, ó di báìtì 7.

Ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì wa ni yóò gbà wá. Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 lọ́nà ohùn 3 jẹ́ 21. Kọ́ńsónáǹtì jẹ́ 18, gb sì jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn. Kọ́ńsónáǹtì aránmúpè asesílébù, m àti n, pẹ̀lú ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, fi 4 kún un. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 43. Bíìtì 6 sì lè fún ohun 64 ní nọ́ńbà. Nítorí náà ọkọ̀ di bíìtì 18, ìdá kan nínú mẹ́rin. Nọ́ńbà kan náà ni ẹ àti ɛ yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣ àti sh. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ hàn lójú fóònù ni a ó tó yan àkọtọ́. Àkójọ kan ṣoṣo tó fún Ìbàdàn àti Sanson.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú yọ àmì ohùn dànù kí àyè lè pọ̀. Àwa kò gbà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọ̀rọ̀ kan náà, ètò náà kò sì ní mọ ọkọ ìyàwó yàtọ̀ sí ọkọ́ tí a fi ń roko.

Ó wá ku bí a ó ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni trie, orúkọ tí Edward Fredkin fún un ní 1960. Ó dà bí ọ̀nà oko tí ó ń yà: àwọn ọ̀rọ̀ tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn bára mu a jọ rìn títí wọn yóò fi pínyà. Pàkúté wà níbẹ̀. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá ní àyè fún lẹ́tà 43, tí àyè kan sì jẹ́ báìtì 8, oríta kan gba báìtì 344, òfìfo sì ni ó pọ̀ jù. Ẹ lo bíìtì 64, èyí tí í ṣe báìtì 8, láti fi sàmì sí lẹ́tà tí ó wà níbẹ̀. Ẹ to àwọn ọmọ oríta náà tẹ̀léra, kí ẹ sì fi báìtì 4 tọ́ka sí àkọ́kọ́ wọn. Báìtì 12 péré nìyẹn. Ẹ ka iye àmì tí ó ṣáájú lẹ́tà tí ẹ ń wá, ẹ ó mọ ipò ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú bíìtì 21 tí ó ṣẹ́ kù yóò sọ bóyá ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n trie bá Gẹ̀ẹ́sì lára mu ju Yorùbá lọ. Ìparí ni Gẹ̀ẹ́sì ti sábà ń fi àfòmọ́ kún ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ni tiwa. Ẹ wo iṣẹ́, oníṣẹ́, òṣìṣẹ́ àti aláìníṣẹ́: lẹ́tà 21 ni gbogbo wọn, ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò sì bára mu rárá, nítorí náà trie kò dín nǹkan kan kù. Bí a bá to wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú, ẹ́ àti ṣ yóò jẹ́ ti gbogbo wọn, oníṣẹ́ àti aláìníṣẹ́ yóò sì tún jọ lo í àti n. Lẹ́tà 21 di 13. Ní 1982, Douglas McIlroy ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí òun ṣe kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí 30,000 sínú kọ̀ǹpútà tí àyè tí ètò kan lè lò kò ju kìlóbáìtì 64 lọ. Gígé àfòmọ́ kúrò wà lára ọgbọ́n tí ó dá.

Nǹkan kan ni títò láti ẹ̀yìn kò lè ṣe: kò lè bá òǹkọ̀wé parí ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìlà kan níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ẹ bi wọ́n bóyá ìyẹ̀wò àkọtọ́ ni wọ́n fẹ́ tàbí ìdábàá ọ̀rọ̀.