Máńgòrò Nínú Ilé Ọ̀rá

Ẹni tí a bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, tàbí sí ibikíbi nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire tí igi máńgòrò gbé ń ṣíji bo àgbàlá, tí àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókò, tí ewúrẹ́ sì ń jẹ èyí tó bá já sílẹ̀, kò ní tètè gbà gbọ́ pé ibì kan wà láyé tí àgbẹ̀ gbé ń fi àwọ̀n gba èso kọ̀ọ̀kan lórí igi, bí ìyá ti ń fi ọ̀já gba ọmọ mọ́ra. Miyazaki ni à ń pe ibẹ̀, ní gúúsù erékùṣù Kyushu nílẹ̀ Japan. Oòrùn ibẹ̀ kò kéré, ìṣàn omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì ń gba etí ilẹ̀ náà kọjá. Síbẹ̀, bí ìgbà òtútù bá dé, ilẹ̀ a máa mọ́ bá ìrì tó ti dì lórí koríko. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dáwọ́ lé gbíngbin máńgòrò fún títà, igi tó jẹ́ pé ìhà Íńdíà àti Burma ni orírun rẹ̀.

Ọ̀tá ni òtútù jẹ́ fún máńgòrò, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí igi náà kò lè ṣe aláìní ni. Bí ìgbóná afẹ́fẹ́ bá fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju òdo lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, igi kékeré lè kú. Àgbà igi lè rọ́jú fún wákàtí díẹ̀, bí ewé rẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Àmọ́ òdòdó àti èso wẹ́wẹ́ kò lágbára bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 4 lọ fún wákàtí mélòó kan, wọ́n lè bàjẹ́ tàbí kí wọ́n kú. Ẹ̀wẹ̀, igi tí kò rí ìtútù rárá lè máa rúwé yọ̀yọ̀ láìtanná. Àwa náà ti ń fojú rí i láti ọjọ́ pípẹ́: ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ètè ń là, tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, ni máńgòrò wa ń tanná. Nítorí náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ Miyazaki kì í ṣe kí ó ṣáà dáná fún igi. Ó ní láti mọ ọjọ́ tí yóò jẹ́ kí òtútù díẹ̀ tọ́ ọ wò, àti òru tí yóò sé òtútù mọ́ta. Èyí ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tó bá farabalẹ̀ tú èèrà ni í rí ìfun inú rẹ̀.

Ilé ọ̀rá ńláńlá ni wọ́n ń kọ́ bo oko, ẹ̀rọ tí ń jo epo sì ń mú inú rẹ̀ móoru lóru. Irwin ni irú máńgòrò tí wọ́n yàn, irú tó ti Florida nílẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí awọ rẹ̀ ń pọ́n dẹ̀dẹ̀. Nítorí pé kòkòrò ìta kò ráyè wọlé, wọ́n a kó oyin sínú ilé láti máa ti orí òdòdó kan bọ́ sí òmíràn, kí èso lè so. Bí èso bá yọ tán, wọ́n a já èyí tó pọ̀jù dànù, kí ọ̀kan ṣoṣo lè kù lórí ṣírí, kí gbogbo adùn lè dà sínú rẹ̀. Wọ́n a fi okùn fà á sókè kí oòrùn lè rí i yíká, wọ́n a sì fi àwọ̀n wé e. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a: ọjọ́ tí ó bá pọ́n tán ni yóò fúnra rẹ̀ já sínú àwọ̀n.

Ó ń dùn mí, nígbà tí mo bá ro èyí, pé máńgòrò tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ láìgba kọ́bọ̀ owó epo lọ́wọ́ wa, ọ̀pá ni a fi ń lù ú bọ́ sílẹ̀, tí yóò dápàá, tí yóò sì máa jẹrà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ní kí a kọ́ ilé ọ̀rá sí ibi tí oòrùn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kò jo epo, bẹ́ẹ̀ ni gígé ẹ̀ka lẹ́yìn ìkórè kò béèrè ju àdá lọ.

Nínú èyí tí àwọn àgbẹ̀ Miyazaki bá kó ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù keje, àṣàyàn ni wọ́n ń pè ní Taiyo no Tamago, ìyẹn Ẹyin Oòrùn: ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ wọn gíráàmù 350, kí ìwọ̀n ṣúgà inú rẹ̀ tó 15 nínú 100, kí awọ rẹ̀ sì pọ́n láìlábààwọ́n. Ní ọdún 2019, méjì péré nínú irú rẹ̀ ni wọ́n tà ní 500,000 yẹ́ẹ̀nì ní ọjà gbàǹjo. Owó iyì nìyẹn, kì í ṣe iye tó ń tà lójoojúmọ́. Èyí tí kò bá sì tó ìwọ̀n, owó tó kéré sí i ni wọ́n ń tà á. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ àgbẹ̀ Miyazaki kò lè ṣàì wo owó epo, nítorí ọdún tí epo bá gbówó lórí, bí igi ti wù kó so tó, èrè rẹ̀ a joro.