Ìbejì Lijadu àti àwo wọn àkọ́kọ́

Ní Bassila àti ní Manigri, ẹni tó bí ìbejì mọ̀ pé ohùn wọn a máa jọra. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu fi di olókìkí. Ọdún 1948 ni wọ́n bí wọn. Ìbàdàn ni wọ́n ti dàgbà. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí orin nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin méjì yìí ń kọ orin tiwọn.

Àwo ńlá wọn àkọ́kọ́, Urede, jáde ní 1974. Danger tẹ̀ lé e ní 1976: ìlù ilẹ̀ Yorùbá àti orin sóòlù Amẹ́ríkà pàdé nínú rẹ̀. Òkìkí wọn kàn, síbẹ̀ wọ́n ní èrè tó tọ́ sí àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́.

Kẹ́hìndé kú ní 2019. Orin wọn kò kú. Akọrin tó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ó kọ́kọ́ kà á.