Ta ló ni fọ́tò aláìsàn?

Tí àìsàn bá ti kọjá ohun tí ilé ìwòsàn kékeré lè wò ní Àgọ́-Àrẹ ní Òkè-Ògùn, Ṣakí ni wọ́n sábà máa ń gbé aláìsàn lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ilé ìwòsàn ńlá UCH n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó, l'Ábújá tàbí nílùú ọba kò lè dé lọ́jọ́ náà, nítorí náà, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni pé: "Ẹ ya fọ́tò wọn ránṣẹ́, ẹ jẹ́ n fojú ara mi rí wọn." Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn á yọ fóònù, á yà á, á fi ránṣẹ́. Kílẹ̀ tó ṣú, fọ́tò ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà bá jáde níléèwé. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ẹnìkan tí kò mọ aláìsàn náà rí ti gbé e sórí Facebook pé kí aráyé bá wọn gbàdúrà.

Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì léèrè bóyá wọ́n fẹ́. Fọ́tò aláìsàn wúlò púpọ̀, ó tilẹ̀ lè gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, aláìsàn ló ni ín. Kì í ṣe ti ẹni tó ni fóònù, kì í sì í ṣe ti ẹbí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti wúlò bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ oko ló pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn, àdá àti ọkọ́ sì ń ṣe èèyàn léṣe. Bí dókítà tó tọ́jú egbò bá wà ní Ṣakí tí aláìsàn sì ti padà sílé, fọ́tò egbò náà lè sọ fún un bóyá ó ń jinná tàbí ó ń bà jẹ́ sí i. Ojúmọmọ ni kí ẹ yà á, lẹ́bàá fèrèsé tàbí níta, kí ẹ má tan iná fóònù sí i. Ẹ fi rúlà tàbí owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí dókítà lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ sì máa yà á láti ibì kan náà lójoojúmọ́. Àwọ̀ pupa tí ìwé òyìnbó máa ń sọ pé ó wà lára egbò tó ti ṣàkóràn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára dúdú wa, nítorí náà, fọ́tò nìkan kò tó. Ẹ sọ bó bá gbóná lọ́wọ́, bó bá wú, bó bá ń rùn.

Bákan náà ni ti ojú tó pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú. Iná gílóòbù lè sọ ojú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan di pípọ́n, kámẹ́rà fóònù pàápàá sì máa ń yí àwọ̀ padà fúnra rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sàn jù. Tó bá jẹ́ ejò ló bu èèyàn jẹ, ẹ má lé ejò kiri nítorí fọ́tò. Bí ẹnìkan bá ti yà á láti òkèèrè, ẹ fi han dókítà, ṣùgbọ́n títètè dé ilé ìwòsàn ló ṣe pàtàkì jù. Kí ọkọ̀ tó gbéra láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, ẹ ya lẹ́tà tí dókítà kọ, èsì àyẹ̀wò àti páálí oògùn tí aláìsàn ti lò. Bébà máa ń sọnù lọ́nà, tàbí kí òjò pa á.

Ẹ ṣàkíyèsí pé, yàtọ̀ sí ẹyinjú, kò sí ojú aláìsàn nínú ìkankan nínú wọn.

Ojú aláìsàn náà ní ibi tó ti wúlò. Ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, oògùn oorun ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Tó bá jí, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ti sọnù nínú ìrántí rẹ̀, ohun tó sì kù sí i lọ́kàn lè jẹ́ àlá burúkú: pé wọ́n dè é mọ́lẹ̀, pé nọ́ọ̀sì fẹ́ pa á. Ní Sweden, Norway àti Denmark, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ojoojúmọ́ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1990. Ẹbí náà ń bá wọn kọ ọ́, wọ́n sì ń fi fọ́tò sí i, kí onítọ̀hún lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lóòótọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010, tí wọ́n ṣe láàárín aláìsàn 352 ní ilé ìwòsàn 12 ní Yúróòpù, fi hàn pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwé náà ni ìpayà tí kì í lọ bọ̀rọ̀ mú, nígbà tó jẹ́ ìdá 13 láàárín àwọn tí kò tíì rí i gbà. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tó jáde ní 2019, tó kó aláìsàn 657, kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbọ́kàn lé. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò. Ohun tó wú mi lórí nínú àṣà yìí ni pé fọ́tò náà kì í rìn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tó ń ṣe é, wọ́n á fi pa mọ́ títí aláìsàn á fi jí, wọ́n á sì bi í bóyá ó fẹ́ rí i. Tó bá ní òun ò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Àwọn kan fẹ́ kí ayé rí wọn. Ní 1990, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Therese Frare ya David Kirby, ẹni tí àrùn éèdì ń pa lọ, níbi tí bàbá rẹ̀ ti gbá a mọ́ra. Kirby ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya òun, kó má ṣáà ti jẹ́ fún èrè ara ẹni, ẹbí rẹ̀ náà sì gbà. Ìwé ìròyìn LIFE gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ó sì yí ojú tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo alárùn éèdì padà. Nílé wa níbí, Mr Ibu, òṣèré tí gbogbo wa mọ̀, fẹnu ara rẹ̀ bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà nínú fídíò láti orí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ó kú ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé àwọn ń gbé ara àwọn síta.

Ọmọdé kò lè sọ bẹ́ẹ̀, òbí ló ń sọ ọ́ fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ọmọ ọdún mẹ́rin kan sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Leeds General Infirmary nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí kò sí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ yà á, fọ́tò náà sì jáde nínú Yorkshire Evening Post nígbà tí ìbò ku ọjọ́ díẹ̀. Akọ̀ròyìn kan fi han Boris Johnson, olórí ìjọba wọn nígbà náà, lórí fóònù. Ńṣe ni olórí ìjọba gba fóònù náà, tó tì í bọ àpò ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn tọrọ àforíjì, síbẹ̀ irọ́ tàn ká lórí Facebook pé ìyá náà ló ṣètò ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà pé ìyá náà ṣe ohun tó tọ́. Àmọ́ ẹ wo bí fọ́tò ọmọ ẹni ṣe lè kúrò lọ́wọ́ ẹni kíákíá.

Ẹ tún wo ohun tó máa ń wà nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tiwa. Ìyá tí kì í jáde láìwé gèlè wà níbẹ̀ láìborí, ìró ti yọ́ sísàlẹ̀ àyà. Lẹ́yìn wọn, wọ́n ń nu ara obìnrin mìíràn tí kò mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun. Nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, káàdì kan wà tó gbé orúkọ, ọjọ́ orí àti àìsàn. Ẹni tó bá fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú á kà á tán. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ má ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ má bá a jà.

Òfin wà pẹ̀lú. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà ti 2014, ní abala 26, ní àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa àìsàn èèyàn, ìtọ́jú rẹ̀ àti wíwà rẹ̀ nílé ìwòsàn. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ tú u láìjẹ́ pé aláìsàn fọwọ́ sí i nínú ìwé, tàbí ilé ẹjọ́ pàṣẹ, tàbí alágbàtọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ béèrè, tàbí àrùn náà jẹ́ ewu fún ìlú. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Kò dá sí ohun tí èèyàn ń ṣe láàárín ilé ara rẹ̀, àmọ́ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí àṣírí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló dáàbò bo ẹ̀tọ́ yẹn. Jíjẹ́ ọmọ kò yọ èèyàn sílẹ̀.

Ẹ bi aláìsàn léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Ẹ fi ìborí sí wọn lórí, ẹ tún ìró wọn ṣe, kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ọmọ tó wà lókèèrè lè fi fídíò bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbà. Kò pọn dandan kí àwòrán kù sílẹ̀. Bí wọn ò bá lè sọ̀rọ̀, tí fọ́tò sì pọn dandan, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni kó wà títí wọ́n á fi lè sọ̀rọ̀. Bí fọ́tò ẹnìkan bá wà lórí fóònù yín báyìí tí ẹ kò tíì bi í, ẹ pè é lónìí kí ẹ bi í. Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì bẹ gbogbo ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n pa tiwọn náà rẹ́.