Ta Ló Ń Dá Ẹjọ́ Ọkọ̀ Tó Họ?

Ẹni tó bá ń wakọ̀ gba Arakale lọ sí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń há tó. Ọ̀kadà á gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, ọmọlanke á gba ẹ̀gbẹ́ kejì, irin ọwọ́ alùpùpù á sì fa ìlà gbọọrọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Èrò á pé jọ, wọn á máa bẹ ọlọ́kọ̀ pé kó fi ti Ọlọ́run ṣe é, ẹni tó ṣẹ̀ á sì ní òun yóò tún un ṣe. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀, àwọn méjèèjì á gba ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà lọ. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ gan-an ti ń bẹ̀rẹ̀.

Pẹ́ńtà ni yóò sọ bí ojú ìhọ náà ṣe jìn tó. Òun ni yóò sọ iṣẹ́ tó yẹ kó gbà, òun ni yóò dá iye lé e, òun náà ni yóò sì gba owó ọ̀hún. Bó ṣe rí ní Àkúrẹ́ náà ló rí nílùú Òǹdó. Kò sí kóòtù tó yan pẹ́ńtà sípò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọba tó fún un níwèé ẹ̀rí adájọ́, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé láàárín ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn rí. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í bi ara wa bóyá ó tọ́ kí ẹni tí yóò jèrè nínú iṣẹ́ tún jẹ́ ẹni tí yóò sọ bí iṣẹ́ náà ṣe máa pọ̀ tó. Lójú tèmi, kò tọ́.

Òfin ti la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀. Dandan ni ìwé adójútòfò ẹnì kẹta fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn lójú títì. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000, tí iye tí ilé iṣẹ́ adójútòfò lè san lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bá bàjẹ́ sì di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Mílíọ̀nù mẹ́ta yìí tó tún ilẹ̀kùn tó họ ṣe, á sì tún ṣẹ́ kù. Àmọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ka ìwé náà sí ni ohun tí wọ́n ń fi han ọlọ́pàá lọ́nà. Ọ̀kadà tó họ ọkọ̀ lè má tilẹ̀ ní in. Nítorí náà, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kọ́, ìkà kọ́, àìsí ẹlòmíràn tí a lè tọ̀ lọ ló sọ pẹ́ńtà di adájọ́.

Kí a tó mọ ibi tí ẹjọ́ náà ti ń wọ́, ó yẹ kí a wo ohun tó họ. Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi kun ọkọ̀ jẹ́ ìpele ìpele: práímà ló wà lórí irin, àwọ̀ tẹ̀ lé e, kílíà tó ń dán ló wà lókè. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, nínípọn wọn kì í sábà ju 0.10 sí 0.15 mìlímítà lọ. Èékánná ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Bí èékánná bá yọ̀ kọjá lórí ìlà náà láìkọ́, kílíà nìkan ló fara gbá a. Sáńpépà 2000 pẹ̀lú omi àti ohun ìdán lè pa á rẹ́, kò sì nílò ọ̀dà rárá. Bí èékánná bá kọ́, ìhọ náà ti wọnú. Bí irin bá wá fojú hàn, kò sí àyè ìfàsẹ́yìn, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí irin tó wà níhòòhò kì í pẹ́ dógùn-ún. Bọ́ńpà oníke kò ní ti ìdógùn-ún, ìṣòro tirẹ̀ ni pé ọ̀dà kì í fẹ́ dì mọ́ ọn bí wọn kò bá kọ́kọ́ fi práímà oníke sí i.

Ìdánwò èékánná yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, owó kankan kò sì bá a rìn. Síbẹ̀ èmi kì í sábà rí i kí wọ́n ṣe é lójú ẹni méjèèjì kí wọ́n tó dárúkọ owó.

Àríyànjiyàn tó gbóná jù lọ ni bóyá ojú ìhọ nìkan ni kí wọ́n fọwọ́ kàn, àbí ilẹ̀kùn odindi ni kí wọ́n kùn. Ẹni tó ṣẹ̀ á ní ìlà tí kò gùn ju ìka lọ kò lè sọ òun di ẹni tí yóò ra ọ̀dà ilẹ̀kùn odindi. Ọlọ́kọ̀ á ní bí wọ́n bá fọwọ́ kan ojú kan péré, oòrùn ọ̀sán ni yóò tú àṣírí iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lọ́wọ́. Lórí funfun lásán, irú 040 ti Toyota, àwọ̀ tuntun lè bá ti àtijọ́ mu láìsí wàhálà púpọ̀. Sílífà, irú 1F7, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rún irin wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀rún náà bá sì ṣe sùn lábẹ́ ìbọn ọ̀dà ni yóò ṣe máa tan ìmọ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bá yí padà díẹ̀, tàbí tí ọwọ́ pẹ́ńtà bá sún mọ́ ọn jù, àwọ̀ kan náà láti inú agolo kan náà á di àwọ̀ méjì.

Ohun tí iṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ sọ wà láàárín èrò méjèèjì. Bọ́dìfílà tí wọ́n fi ń dí ojú ìhọ kò gbọ́dọ̀ kọjá ojú ìhọ náà. Àwọ̀ á gbòòrò díẹ̀ ju ìyẹn lọ, kó lè parẹ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ti àtijọ́. Kílíà nìkan ló yẹ kó dé etí ilẹ̀kùn, nítorí ibi tí wọ́n bá ti dá kílíà dúró lágbedeméjì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó lẹ́yìn ọ̀la. Ìdájọ́ tó mọ́gbọ́n wá nìyẹn: ilẹ̀kùn kan, kò gbọ́dọ̀ kéré sí i, kò sì yẹ kó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá wá ní kí wọ́n kun ilẹ̀kùn méjì àti fẹ́ńdà, tàbí tó ní ó kúkú yẹ kí gbogbo ara ọkọ̀ gba ọ̀dà tuntun, ó yẹ kó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ yékéyéké.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ti fáàsì bọ́dì, ìyẹn ọkọ̀ tí ọ̀dà àkọ́kùn ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ lọ́dún 1975, ọkọ̀ tuntun kò jẹ́ àlá fún olówó oṣù. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ láti ọdún 1986 ni tòkunbọ̀ gba ojú títì, àwọn olùrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà àkọ́kùn díwọ̀n òótọ́ inú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Arakale á wá ní: ‘Ẹ ti ba fáàsì bọ́dì mi jẹ́, ta ló fẹ́ san ìyẹn fún mi?’

Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n mo ń ṣiyèméjì nípa ohun tó dúró lé. Kì í ṣe ohun àjèjì pé kí ọkọ̀ tó ti fara gbá jàǹbá ní Amẹ́ríkà gba àtúnṣe kí ó tó dé ọwọ́ wa, kí wọ́n sì tún máa pè é ní fáàsì bọ́dì. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ ibi tí bọ́dìfílà bá ti nípọn. Ẹni tó bá ń bèèrè owó orúkọ yìí, kó gbà kí wọ́n fi mágínẹ́ẹ̀tì yí ọkọ̀ rẹ̀ ká ná. Ohun tó burú jù nínú ìfẹ́ tí a ní sí fáàsì bọ́dì ni pé ó ń sọ àtúnṣe di ohun tí a gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe dáadáa kì í ṣe àbùkù. Àbùkù ni bọ́dìfílà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí ìpẹtà, tí wọ́n wá fi ọ̀dà bò ó.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Pẹ́ńtà tó fi epo bẹntiróòlù nu irin kí ó tó kùn ún ti fi ọ̀rá sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Èyí tó fín ọ̀dà nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú tí afẹ́fẹ́ tutù lè rí i kí ó funfun bàìbàì. Èyí tó fín in nínú ọyẹ́ lè rí eruku nínú kílíà. Ìpẹtà tó wà lábẹ́ bọ́dìfílà lè dúró di òjò ọdún tó ń bọ̀ kí ó tó wú. Nígbà náà, ẹni tó sanwó ti lọ, ọlọ́kọ̀ ti gbàgbé, kò sì sẹ́ni tí yóò pe adájọ́ náà lẹ́jọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ tí a mọ̀ sí NATA ní àwọn máa ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe iṣẹ́ jákujàku wí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ pẹ́ńtà ni yóò tún gbọ́ ẹ̀sùn lórí pẹ́ńtà, oníbàárà tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀rí tí yóò gbé lọ.

Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún iṣẹ́ yìí kò kéré. Nọ́ńbà àwọ̀ sábà máa ń wà lára irin pẹlẹbẹ kékeré ní ẹnu ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n oòrùn ti ṣá ọ̀dà ọlọ́dún mẹ́wàá, ojú ọ̀gá tó ti pò ó láti kékeré ló ń rí ohun tí nọ́ńbà kò lè sọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń fín kílíà láìfi nǹkan bo imú ń fa èròjà tó lè fa ikọ́ fée sínú. Nígbà tí a bá ń dúnàádúrà títí iṣẹ́ fi di ọ̀fẹ́, ìbòmú wọn wà lára ohun tí a ń gé kúrò.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí ẹni tó ṣẹ̀ àti ọlọ́kọ̀ gba iye lọ́wọ́ pẹ́ńtà méjì. Kí wọ́n ṣe ìdánwò èékánná lójú gbogbo èèyàn. Kí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò irin náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi sáńpépà fọ̀ ọ́ mọ́, kí bọ́dìfílà tó gun orí rẹ̀. Kí pẹ́ńtà kọ ohun tó lò, ọjọ́ tó lò ó àti nọ́ńbà àwọ̀ sórí ìwé, kí ó fọwọ́ sí i. Pẹ́ńtà tó mọ iṣẹ́ kò ní kọ̀ láti ṣe èyí, nítorí ìwé náà ni yóò fi í hàn yàtọ̀ sí ẹni tó ń bo ìpẹtà mọ́lẹ̀.