Níbo Ni “Níbí” Wà?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, bí fáìlì log bá sọnù, nínú àwọn ohùn tá a gbà sílẹ̀, a ò lè mọ èyí tí kọ̀ǹpútà ti ṣe lóru àti èyí tó fò.

Nínú AutoHotkey 1.1, log.txt lásán dà bí ọ̀rọ̀ náà “níbí”: ibi tí wọ́n ti pe iṣẹ́ ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe fódà tí script wà. Bó bá jẹ́ Task Scheduler ló pè é, tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí “Start in”, System32 ló di “níbí”. Bí Windows ò bá gbà kó kọ̀wé síbẹ̀, FileAppend á kùnà láìsọ̀rọ̀. ErrorLevel nìkan ni yóò di 1.

Ẹ kọ %A_ScriptDir%\log.txt, kí ẹ sì yẹ ErrorLevel wò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ẹ̀yà 2, fódà script gan-an ni “níbí”. Bí ìkọ̀wé bá sì kùnà, ó máa ń sọ̀rọ̀.